Ìgbátí Yí Òrùlé Ká: Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Dáàbò Bo Ará Ilé Rẹ̀

Nínú Deutarónómì 22:8, òfin kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí, ìyẹn ògiri kékeré, yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wá sórí ilé náà. Òrùlé ilé wọn nígbà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni Ráhábù to pòròpórò ọ̀gbọ̀ sí nígbà tó fi àwọn amí pamọ́. Orí rẹ̀ ni Pétérù gùn lọ gbàdúrà ní Jópà. Onílé tí kò mọ ìgbátí, tí ènìyàn sì já bọ́, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló mọ àdúrà gbà jù ládùúgbò.

Orí òfin yìí ni a gbé ìtọ́sọ́nà wa lé. Gbogbo wa la mọ 1 Tímótíù 5:8 lórí, pé ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, àmọ́ owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé nìkan la máa ń rò mọ́ ọn. Ààbò wà nínú ìpèsè. Nehemáyà 4:9 sì fi bí a ṣe ń ṣe é hàn wá: wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run wọn, wọ́n yan ìṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ẹsẹ kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Ẹni yòówù tí ẹrù ilé bá wà lọ́rùn rẹ̀, ọkọ ni o, aya ni o, opó tó ń dá tọ́mọ ni o, òun ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rin ilé yín yí ká

Ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án gangan, àti lálẹ́ nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ. Ẹ kúnlẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan kí ojú yín lè wà níbi tí ojú ọmọ ọdún méjì wà. Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ máa yà yín lẹ́nu: wáyà áyọ́ọ̀nù tó fì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọwọ́ páànù tó yọ síta lórí sítóòfù, ìgò kẹrosíìnì lábẹ́ síńkì. Òwe 22:3 ní ọlọ́gbọ́n a máa rí ibi lókèèrè, a sì fara pamọ́. Kéèyàn tó rí i, ó ní láti wò ó.

Ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀ ni kànga. Ẹ́kísódù 21:33 àti 34 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó gbẹ́ ihò tí kò bò ó ni yóò san owó ẹran tó bá kó sínú rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá béèrè ẹ̀mí màlúù, mélòó-mélòó ni ti ọmọ! Ẹ jẹ́ kí ọrùn kànga ga dé ìbàdí àgbàlagbà, kí ìdérí rẹ̀ jẹ́ irin tàbí pákó tó nípọn, kó ní ìdè àti àgádágodo. Páànù òrùlé tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ kì í ṣe ìdérí. Bí ọmọ bá gun orí rẹ̀, yóò wọlé. Bí nǹkan bá já sínú kànga, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó wọ inú rẹ̀ láti mú un. Afẹ́fẹ́ tó ṣe é mí lè má sí nísàlẹ̀ rárá, àgàgà bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ tó ń mu pẹtiróòlù fa omi níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ a dákú, ẹnì kejì a wọlé láti gbà á, òun náà a dákú. Bẹ́ẹ̀ ni kànga kan ṣe ń gba ènìyàn mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

Ẹ dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀ bí ẹ bá ti lò ó tán. Omi tó dé ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà péré tó láti pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, nítorí orí rẹ̀ ló wúwo jù lára rẹ̀: bó bá ti dorí kodò, kò lè yí ara rẹ̀ padà.

Kẹrosíìnì, òògùn kòkòrò àti omi bátìrì kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò ohun mímu láéláé. Bí ọmọ bá gbé kẹrosíìnì mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ìka wá èébì lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. A mọ̀ pé epo pupa ni ọwọ́ àwọn ìyá wa máa kọ́kọ́ lọ bá, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì ti ń pa ọmọ, èébì ló sì máa ń gbé e débẹ̀. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: jẹnẹrétọ̀

Nínú ohun tó lè kó odidi ìdílé lọ lóru ọjọ́ kan, èyí ni a bẹ̀rù jù. Carbon monoxide ló wà nínú èéfín rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí a bá mí i sínú, yóò gba àyè oxygen nínú ẹ̀jẹ̀ wa, agbára tó sì fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti oxygen lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, àmọ́ kò gbé èémí dé ọpọlọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ rárá.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní mítà 6 ó kéré tán, ìyẹn bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà mẹ́jọ. Kí ẹnu tó ti ń tú èéfín kọjú sí ìta gbangba. Ẹ wo ojú fèrèsé aládùúgbò pẹ̀lú. Èéfín tí ẹ tì kúrò lọ́dọ̀ ara yín tí ẹ wá tì sí yàrá ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló jẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí kíṣìnì nítorí olè. Àwọn kan ń gbé e sí bálíkónì nítorí wáyà wọn kò gùn. Àwọn tó kù gbà pé bí fèrèsé bá ti ṣí, ewu ti lọ. Irọ́ ni, atẹ́gùn kan náà tó ń wọlé ló ń gbé èéfín wọlé. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe àgò irin, kí ẹ ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kọnkéré níta, kí ẹ fi ṣéènì so jẹnẹrétọ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ ra wáyà tó gùn. Owó wáyà kò tó owó pósí.

Ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Ẹni tó mọ̀ pé orun máa ń gbé òun lọ nídìí tẹlifíṣọ̀n, kó wọn epo tí yóò tán ní aago mẹ́wàá sínú rẹ̀, kó má rọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má rọ epo sí i nígbà tó ṣì gbóná.

Àmì rẹ̀ jọ ti ibà: orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ara má le. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé gbogbo ará ilé ló máa ń mú pọ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ bí ẹ bá bọ́ síta. Ẹ fa gbogbo ènìyàn síta kíá, kí ẹnì kan pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì dá orúkọ èéfín jẹnẹrétọ̀ fún dókítà, kó má baà kọ òògùn ibà fún yín. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo bátìrì, tó máa ń ké bí carbon monoxide bá ń pọ̀ nínú yàrá. Ẹ rà á bí agbára bá ká a. Èyí tó ń ké fún èéfín iná kì í mọ gáàsì yìí, ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa. Ìkòkò èédú tí wọ́n ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ ń tú gáàsì kan náà jáde o.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iná, gáàsì, àti irin ojú fèrèsé

Kí sílíńdà wà níta, kó dúró lóòró, kí ọ̀pá rẹ̀ gba inú ògiri wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rọ gáàsì dé, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, kí ẹ fi kànìnkànìn pa á sí orí sílíńdà, sí ojú ibi tí ọ̀pá ti wọnú rẹ̀, àti sí ara ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú bíi bàlúù, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá a. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ mọ́, nítorí náà ó lè kún dé orúnkún kí imú yín tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn náà, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó ti ń tàn: ìpẹ́pẹ́ iná máa ń ta nínú méjèèjì. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó ènìyàn jáde.

Bí òróró inú páànù bá gbiná, omi ni ọ̀tá yín. Omi wúwo ju òróró lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí, ooru ibẹ̀ á sọ ọ́ di èéfín omi lójú ẹsẹ̀, á sì ju òróró tó ń jó sókè dé àjà. Ẹ pa sítóòfù, ẹ ti ìdérí gba ẹ̀gbẹ́ bo páànù náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹni tó bá gbé e sáré lọ síta ni iná máa ń dà lé.

Ọ̀rọ̀ irin ojú fèrèsé ló ń dùn wá jù. Irin tó dá olè dúró níta ni yóò dá ọmọ yín dúró nínú nígbà tí iná bá gba ẹnu ọ̀nà. Ẹ pe wẹ́dà. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ń sùn, kó gé irin fèrèsé kan, kó ṣe é bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú àti ní gíga kí èjìká àgbàlagbà lè gba ibẹ̀ kọjá. Àgádágodo ni yóò wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lórí ìṣó lára ògiri, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà nínú òkùnkùn lè tó, tí ọwọ́ olè tó wà níta kò lè tó. Kọ́kọ́rọ́ tí Dádì kó mọ́ ara mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi dánra wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kí wọ́n di ojú, kí wọ́n rá pálá, nítorí òkè ni èéfín ń lọ, ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó dára kù sí. Kí wọ́n fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ náà, kí wọ́n ṣí i. Ẹ dá ibì kan tí gbogbo yín yóò ti pàdé, bí ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn gééti. Ẹ ka orí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde kò gbọ́dọ̀ padà wọlé, ì báà ṣe nítorí ìwé ilẹ̀. Ní Èkó, nọ́ńbà tí ẹ óò pè ni 112 tàbí 767. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: olè

Jésù fúnra rẹ̀ ní bí baálé bá mọ wákàtí tí olè ń bọ̀, ì bá ṣọ́nà. Iná níta, ìlẹ̀kùn tó ní ìdábùú, ajá tó ń gbó, àti aládùúgbò tó mọ orúkọ yín: ìwọ̀nyí ló ń ṣiṣẹ́. Nehemáyà to àwọn ènìyàn sórí odi ní ìdílé-ìdílé, ó sì sọ pé ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ìpè ni kí wọ́n sáré péjọ sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ẹ ra fèrè fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fẹnu kò lórí iye ìgbà tí wọ́n yóò fọn ún fún olè àti iye tí wọ́n yóò fọn ún fún iná. Lóru, fóònù lè ti kú. Kí baálé tó ń rìnrìn àjò sọ fún aládùúgbò kan pé òun kò sí nílé. Síkílágì, ìlú tí Dáfídì ń gbé nígbà kan, kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí: Dáfídì àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bá àwọn Filísítínì lọ, ìgbà tí wọ́n dé, ìlú ti jóná, ọ̀tá ti kó aya àtọmọ lọ.

Bí àwọn tó gbé ìbọn bá ti wọlé, ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n bá béèrè. A lè ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn.

Ẹ̀tọ́ yín láti gbèjà ara yín dájú, ó sì ní ààlà. Ẹ́kísódù 22:2 àti 3 ní bí olè bá kú níbi tó ti ń fọ́lé lóru, kò sí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀. Bí oòrùn bá ti là, ẹ̀bi wà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sún mọ́ ọn: abala 33 nínú Ìwé Òfin 1999 fàyè gba ìwọ̀n agbára tó pọn dandan láti fi gba ara ẹni tàbí dúkìá. Olè tí ọwọ́ ti tẹ̀, tí wọ́n ti so lókùn, oòrùn ti là lórí ẹ̀. Ẹni tó bá gbé táyà sí i lọ́rùn ti pààyàn. Ọlọ́pàá ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ewu tó ń gbé inú ilé

Ẹ lọ ka 2 Sámúẹ́lì 13 pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Ámúnónì, ọmọ Dáfídì, díbọ́n pé ara òun kò yá. Dáfídì fúnra rẹ̀ ló rán Támárì, àbúrò Ámúnónì, sí i. Ámúnónì ní kí gbogbo ènìyàn jáde, ó sì ba ọmọbìnrin náà jẹ́. Ábúsálómù ní kó dákẹ́, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Nígbà tí Dáfídì gbọ́, inú bí i gidigidi, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ábúsálómù ní kí wọ́n pa Ámúnónì. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ilé wa ló wà ní orí kan yìí: ẹni tí a fọkàn tán, ìlẹ̀kùn tí a tì, "má sọ fún ẹnikẹ́ni", àti bàbá tó bínú tí kò ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, kí tíṣà lẹ́sìn-ín tó ń wá kọ́ ọmọ nílé jókòó sí pálọ̀, kí ìlẹ̀kùn ṣí. Kí àlejò, mọ̀lẹ́bí tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti bàlágà má sun orí ẹní kan pẹ̀lú àwọn ọmọ, bí yàrá kò tilẹ̀ tó. Ẹ kó àwọn ọmọ mọ́ra yín. Ẹ kọ́ wọn ní orúkọ ẹ̀yà ara wọn gan-an, ìtìjú wa lórí èyí ń jẹ́ kí ọmọ ní ìpalára láìní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Bí ọmọ bá ní òun kò jókòó lẹ́sẹ̀ Àǹkù kan, ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ rọra bi í léèrè nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì.

Bí ọmọ bá wá sọ fún yín, gbólóhùn tí ẹ óò kọ́kọ́ sọ ni: "Mo gbà ọ́ gbọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ẹ má bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ má wẹ̀ fún un. Ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, torí òògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé wákàtí 72. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an láti 2013. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Pásítọ̀ tàbí olórí ẹbí tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí a parí ẹ̀ nílé, ohun tí Ábúsálómù sọ fún Támárì ló ń sọ.

Nígbà mìíràn, ọkọ gan-an ni ewu náà. Ẹ rántí pé nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá ẹ̀mí ọmọ náà, Jósẹ́fù dìde lóru, ó gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀, ó sá lọ sí Íjíbítì. Sísá jẹ́ ààbò, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kó kó àwọn ìwé rẹ̀, ìwé ìbí ọmọ àti owó ọkọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: palẹ̀ ilé rẹ mọ́

Ohun tí Àìsáyà sọ fún Hesekáyà nìyẹn ní 2 Ọba 20:1. Bàbá tó kú láìṣe wíìlì fi ará ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹjọ́. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìdí igi (ìpín fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (ìpín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n fi ń pín ogún, aya kò sí nínú méjèèjì. Ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, ní kọ́ọ̀tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ, lè yí èyí padà, àmọ́ ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó náà ni yóò sọ ọ́. Orúkọ tí ẹ sì kọ sí next of kin ní báńkì kò sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí wọ́n máa pè ni.

Bí wíìlì ṣe ń dúró nìyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà buwọ́ lù ú níwájú yín. Ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ fún un á bọ́. Ẹ má kọ ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí sínú rẹ̀, nítorí kì í ṣe tiyín láti fi tọrẹ. Bí ẹ bá tún ìgbéyàwó ṣe ní kọ́ọ̀tù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ òmíràn, torí ìgbéyàwó tuntun lè pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ fi í pamọ́ sí ẹ̀ka probate, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó wíìlì, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀: nígbà tí àwọn ọmọ Sélófẹ́hádì márààrún bèèrè ogún bàbá wọn ní Númérì 27, Olúwa ní ọ̀rọ̀ wọn tọ́.

Kí fáìlì kan wà tó gbé ẹ̀dà wíìlì, ìwé ilẹ̀ àti sọ́fè, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti àkọsílẹ̀ ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè àti ẹni tó jẹ yín. Kí ènìyàn méjì mọ ibi tó wà, kí ọ̀kan nínú wọn má gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú yín.